Oúnjẹ Ọ̀sán Tí Akọ̀wé Kò Jẹ

Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ kéwú wa, a sì ti fi ṣe wàásù níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi yìgì láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, àwa tí a ń pa òwe náà kò gbọ́ ọ yé títí di oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí a ń wá ilé oúnjẹ tí a ó gbé ọ̀rẹ́ wa kan lọ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ohun tí ojú wa rí ni a fẹ́ sọ, bóyá yóò ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní.

Àwa mẹ́rin ni a jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà ní Ìbàdàn. Ilé kéwú kan náà ni a lọ. Ní òwúrọ̀ a ó wọ aṣọ kakí lọ sí ilé ìwé. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ a ó gbé wàláà lọ sọ́dọ̀ Alfa wa, a ó fi tàdáwà kọ súrà, a ó kà á títí yóò fi wọ̀ wá lórí, a ó sì fọ wàláà kí a tó kọ òmíràn. Ọjọ́ kan náà ni a jọ ṣe wòlímọ̀. Nígbà tí a dàgbà, ọ̀kan di aláṣọ ní Gbági, ọ̀kan di télọ̀ ní Bẹẹrẹ, àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, ẹnì kẹrin sì rí iṣẹ́ akọ̀wé ní Sẹkitéríàtì ní Agodi. Láti ìgbà náà ni a kò ti pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Akọ̀wé ni gbogbo wa ń pè é. Títí di òní, gbogbo òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń pàdé níbi àsàlátù.

Nínú wa, Akọ̀wé nìkan ni ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀ mọ ìwé Lárúbáwá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 1965, ọdún tí wọ́n parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Ní ti àwa yòókù, ohun tí àwọn òbí wa mọ̀ ni pé wọ́n bí wa ní ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Akọ̀wé pé ọgọ́ta ọdún, aláṣọ ni ó dá a lábàá pé kí a ṣe é lálejò. Ìdí pàtàkì kan sì wà níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ ìjọba ni pé òṣìṣẹ́ yóò fẹ̀yìn tì bí ó bá pé 60 ọdún, tàbí bí ó bá ti lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ọjọ́ ìbí Akọ̀wé gan-an ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Aláṣọ ní, "Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ wa ti ibi iṣẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n lé dànù. Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ jẹun níbi tí ó dára. Kí ó má sì mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dá 15,000 náírà, ó di 45,000. Fún olùkọ́ kéwú, ìyẹn kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa ni.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ọmọ kíláàsì wa kí wọ́n tó gba ìsinmi. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Mùsùlùmí lè ṣe ọjọ́ ìbí?" A yìn ín fún ìbéèrè náà, nítorí ọmọ tí kò bá béèrè kò lè mọ̀. A ṣàlàyé fún un pé àwọn onímímọ̀ kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní àfarawé àwọn ẹlòmíràn ni, kí Mùsùlùmí jìnnà sí i. Àwọn kan ní àṣà lásán ni, kò sí láìfí bí a kò bá sọ ọ́ di ìjọsìn, tí kò sì sí ohun haráàmù níbẹ̀. A tún rán an létí hádíìsì tí ó wà nínú ìwé Muslim, pé wọ́n bi Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa ààwẹ̀ ọjọ́ Àtìní, ó sì dáhùn pé ọjọ́ náà ni wọ́n bí òun. A wá fi ẹ̀rín sí i pé, "Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi Sunna ṣe ọjọ́ ìbí, ààwẹ̀ ni kí ó gbà, kí ó má gé àkàrà òyìnbó." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a fi ṣe àwàdà náà ń bọ̀ wá pàdé wa lọ́nà.

Ohun tí àwa mẹ́ta pinnu ni pé kò ní sí àkàrà, kò ní sí àbẹ́là, kò ní sí orin. Ọ̀rẹ́ yóò fún ọ̀rẹ́ lóúnjẹ, a ó sì ṣe àdúà fún un. Ó wá ku ibi tí a ó ti jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni a bọ́ sọ́nà. Bódìjà ni a kọ́kọ́ lọ, nítorí aláṣọ ní ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ńlá ti ń jẹun. Ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan ni a wọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, aṣọ funfun wà lórí tábìlì, ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí ń dán bí jígí. Ìrẹsì àti adìẹ jẹ́ 9,500 náírà fún ẹnì kan. Àwa mẹ́rin yóò san 38,000, a kò sì tí ì mu omi. A pe ọmọbìnrin tí ó ń gbé oúnjẹ, a ní, "Ọmọ wa, ta ni ó dúnbú adìẹ yín?"

Ọmọ náà wò wá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, inú fíríìjì ni àwa ti máa ń gbé e."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìjọba ilẹ̀ wa ti fòfin de kíkó adìẹ oníyìnyín wọlé láti òkè òkun, síbẹ̀ àwọn onífàyàwọ́ ń gbà á wọlé láti ẹnubodè Benin. Ẹni tí ó pa á, ohun tí ó wí nígbà tí ó ń pa á, àti bóyá ó ti kú kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, kò sí ẹni tí ó lè sọ. Ọlọ́hun sì ti ṣe ẹran òkúǹbete ní èèwọ̀ fún wa nínú áyà kẹta Súrátul Máídà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn pa. Bí a ti ń ro èyí, a gbójú sókè, a rí fíríìjì onígíláàsì lẹ́yìn ọmọ náà: ọtí bíà wà ní òkè, mínírà wà ní ìsàlẹ̀. Ànábì wa ti kìlọ̀ pé kí ẹni tí ó gba Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn gbọ́ má jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí káàkiri. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, a jáde. Aláṣọ ń bínú díẹ̀. Aṣọ funfun orí tábìlì yẹn wù ú.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Mọ́kọ́lá, sí búkà kan tí télọ̀ fẹ́ràn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àmàlà kì í ṣe kékeré níbẹ̀. Èlùbọ́ iṣu tí ó gbẹ dáadáa ni wọ́n fi rò ó, ó dúdú, ó rọ̀, kò ní kókó. Gbẹ̀gìrì wà lápá kan, ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ tí wọ́n sè títí ó fi yọ́. Ewédú wà lápá kejì, ọbẹ̀ ata wà láàrín. Ìyá tí ó ni búkà náà jẹ́ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí alápatà tí ó ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀, Mùsùlùmí sì ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ alápatà Ìbàdàn ti rí. Bí kò tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, áyà karùn-ún Súrátul Máídà kan náà ti yọ̀ǹda oúnjẹ àwọn tí a fún ní Ìwé fún wa. Kò sí ohun tí a rí wí sí oúnjẹ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n aláṣọ kò gbà. Ó ní, "Ibi tí èèyàn ti ń to sórí ìlà, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé abọ́, tí wọ́n sì ń pariwo 'Sún un, sún un' sí i létí? Ẹni tí ó fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sin ìjọba! Ṣé ẹ kò ní ojú tì mí?" Ọ̀rọ̀ náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. A kúrò níbẹ̀, télọ̀ ń wẹ̀yìn.

A wá ya Sábó, àdúgbò àwọn Hausa tí ó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1916. Lọ́dọ̀ tiwa, ibẹ̀ ni ọkàn wa fà sí jù. Mọ́sálásí kò jìnnà, kò sí ọtí, ẹran kò sì ní iyèméjì. Túwó ìrẹsì wà, súyà wà, fùrá wà. Ṣùgbọ́n télọ̀ ní Akọ̀wé kò ní gba túwó lóúnjẹ láéláé, pé ọmọ àmàlà ni, àti pé àga onígi tí kò ní ẹ̀yìn tí wọ́n tò sílẹ̀ níbẹ̀ kò yẹ fún ẹni ọgọ́ta ọdún. A bá ara wa jiyàn títí irun Àlàásárì fi tó.

Ẹ̀yìn irun náà ni ẹnìkan nínú mọ́sálásí júwe ilé oúnjẹ Àlàájà kan fún wa ní Agodi, tí kò jìnnà sí Sẹkitéríàtì. Ilé oúnjẹ náà kò tóbi. Aṣọ tábìlì rẹ̀ jẹ́ àdìrẹ, ó mọ́ tónítóní. Àlàájà mú wa lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó fi àgọ́ adìẹ rẹ̀ hàn wá àti ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó ń dúnbú wọn. Yàrá kékeré kan wà tí ó tẹ́ ẹní sí fún ìrun, kẹ́tù omi àlùwàlá sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Àmàlà wà fún télọ̀, aṣọ tábìlì wà fún aláṣọ, yàrá ìrun wà fún àwa. Owó oúnjẹ àwa mẹ́rin kò ju 26,000 lọ. A san àsansílẹ̀ 15,000, a ní kí ó fi tábìlì kan sílẹ̀ fún wa ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Àtìní, ọjọ́ kọkànlá. Inú wa dùn, a bọ ara wa lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i o: àwa mẹ́ta ti rí ohun tí ó tẹ́ olúkúlùkù wa lọ́rùn. Ẹni tí oúnjẹ wà fún, a kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, aláṣọ lọ pàdé Akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà Sẹkitéríàtì, ó ní kí ó tẹ̀lé òun. Nígbà tí wọ́n wọlé wá bá wa, Akọ̀wé mú ọ̀rá kan lọ́wọ́. Kọ́ọ̀pù tí ó fi ń mu omi ní ọ́fíìsì, sálúbàtà tí ó fi ń ṣe àlùwàlá àti ẹní ìkírun rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ti dá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù padà fún ìjọba. Nígbà tí ó rí wa, ó dúró, ó wo tábìlì, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí." Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n gbé oúnjẹ dé. Àmàlà ń ru èéfín, ewédú ń yọ̀, adìẹ ìbílẹ̀ wà nínú ọbẹ̀ lódidi. Àlàájà gbé omi ìfọwọ́ síwájú Akọ̀wé ṣáájú, nítorí òun ni àgbà ọjọ́ náà. Akọ̀wé kò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó rọra tì í sọ́dọ̀ télọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́hun yóò san án fún yín. Ṣùgbọ́n Àtìní ni òní. Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀."

Ilé pa lọ́lọ́. Aláṣọ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ní ọjọ́ ìbí rẹ? Lẹ́yìn gbogbo ìrìn tí a rìn?"

Àwa gẹ́gẹ́ bí Alfa gbé ẹ̀rí dìde kíákíá. A rán an létí pé ààwẹ̀ náfílà ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn. A sọ ìtàn Sálímánù ará Páṣíà tí ó kọ̀ láti jẹun lọ́dọ̀ Abú Dárdáì títí tí onílé náà fi ṣínu ààwẹ̀ náfílà rẹ̀ láti bá a jẹun, tí Ànábì sì fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Sálímánù, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé Bùhárì. Akọ̀wé tẹ́tí títí a fi parí. Ó ní, "Alfa, mo mọ hádíìsì náà. Ìwọ náà ni o kà á fún wa ní àsàlátù. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n parí ti òní yìí." Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún lè bá a jiyàn. A sọ fún Àlàájà. Ó kó gbogbo oúnjẹ náà sínú abọ́ oníke, ó fi omi tútù kún un, ó sì kọ̀ láti gba owó abọ́. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ọkọ̀ lọ sí ilé Akọ̀wé ní Mọ́níyà.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé omi àti dàbínù wá. A kírun Màgàríbà, a sì jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, a jẹun. Akọ̀wé rọra ń jẹ ẹ́. Télọ̀ tí kì í lè dákẹ́ pẹ́ ní, "Àṣé ààwẹ̀ ni ó ń mú ọ rù? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fún ṣòkòtò rẹ ní ìbàdí lọ́dún yìí." Aláṣọ náà ní, "Èmi náà sì ń sọ fún un pé ó ń padà di ọ̀dọ́." Àwa náà rántí pé a ti fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú wàásù, pé ẹ wo Akọ̀wé bí ó ti kọ ẹ̀yìn sí adùn ayé.

Akọ̀wé gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ jáde. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀.

"Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ rántí ìgbà tí ìjọba tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, owó ọkọ̀ láti ibí dé Agodi ti di ìlọ́po méjì. Owó oṣù kò kúrò níbi tí ó wà. Mo jókòó, mo fi bírò ṣírò rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Bí mo bá wọ ọkọ̀ lọ bọ̀, owó oúnjẹ ọ̀sán ti lọ. Bí mo bá jẹun, màá fẹsẹ̀ rìn wálé. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní agogo kan ọ̀sán, gbogbo ọ́fíìsì yóò máa lọ sọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, wọn yóò ní, 'Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ.' Ojú ń tì mí. Mo ní mo gba ààwẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa."

Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa irọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kékeré kan ní ọ́fíìsì wa wá bá mi, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó ní, 'Bàbá, mo gbọ́ pé àdúà aláàwẹ̀ máa ń gbà nígbà ìṣínu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyá mi sí i.' Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo wọ mọ́sálásí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Láti Àtìní tí ó tẹ̀ lé e ni mo ti ń gbé àníyàn ààwẹ̀ lóòótọ́, Àtìní àti Àlàmísì. Mo sì ṣe àdúà fún ìyá ọmọ náà. Ní ọjọ́ mẹ́ta yòókù, màá mu gààrí ní ọ́fíìsì bí ó bá wà. Bí kò bá sí, màá mu omi, ṣùgbọ́n n kò pe ìyẹn ní ààwẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bá yín jẹun lọ́sàn-án. Òní ni mo parí iṣẹ́ náà. Ibi tí mo ti fi ààwẹ̀ purọ́ nìyẹn, mo fẹ́ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ààwẹ̀ tòótọ́."

A kò mọ ohun tí a ó wí. Télọ̀ sunkún. Òun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìbàdí ọkùnrin yìí lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín! Aláṣọ tẹrí ba. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ẹ̀rí tí a gbé dìde ní ilé oúnjẹ náà wá dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú wa. Ọdún méjì gbáko! Gbogbo Ọjọ́ Àìkú ni a ń rí i, a ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, a ń bi í léèrè àlàáfíà, ó ń ní "Al-hámúdù lílááhì", a sì ń gbà á bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọ̀rẹ́ ní ojú tí ó ń gbọ́ ohun tí ẹnu kò sọ.

Nígbà tí a rí ọ̀rọ̀ sọ, hádíìsì kan ni a rántí, èyí tí Ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, Áíṣà, gbà wá. Ó wà nínú ìwé Muslim. Ànábì wọlé ní ọjọ́ kan, ó béèrè bóyá oúnjẹ wà nílé. Wọ́n ní kò sí. Ó ní, nígbà náà òun gba ààwẹ̀. Ní mazhabi Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá, òru ni a ti ń gbé àníyàn ààwẹ̀, àwọn mazhabi mìíràn sì gba àníyàn ojúmọmọ fún náfílà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin ni ó mú wa sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. A sọ ọ́ kí Akọ̀wé lè mọ̀ pé ẹni tí ó ga jù nínú ẹ̀dá náà ti béèrè oúnjẹ nínú ilé rẹ̀, tí kò sì rí i, tí ó sì sọ àìní di ìjọsìn láìpurọ́.

Akọ̀wé ní, "Nínú ilé Ànábì?"

A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì fa abọ́ àmàlà rẹ̀ mọ́ra.

Aláṣọ wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ owó tí ó ṣẹ́ kù, 19,000 náírà. Bí a ti rí ojú Akọ̀wé ni a ti mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kọ́. Télọ̀ ni Ọlọ́hun fi ọgbọ́n sí lẹ́nu. Ó ní, "Dá owó yẹn padà sápò. Kì í ṣe ọrẹ ni ó kàn. Ó ti pẹ́ tí àwa mẹ́rin ti jọ jẹun kẹ́yìn. Gbogbo Àtìní, ẹ jẹ́ kí a máa gba ààwẹ̀ pọ̀, kí a sì máa ṣínu pọ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ní ilé ẹni yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní ilé ẹni yẹn." Bí a ti ṣe é nìyẹn, a kò sì tí ì jáwọ́ nínú rẹ̀. Owó náà ni a fi ra èlùbọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ọ̀rẹ́ yín lálejò, ẹ gbọ́ ohun tí àwa fi ojú ara wa rí. Èkínní, ẹni tí oúnjẹ wà fún ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Ó lè jẹ́ pé ó ní àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ pé ó wà lẹ́nu ààwẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ó nílò kì í ṣe ilé oúnjẹ rárá. Èkejì, ẹ má tijú láti béèrè ẹni tí ó pa ẹran àti ohun tí ó wà nínú fíríìjì. Ẹ̀kẹta, ẹ wo àkókò ìrun kí ẹ tó dá àkókò oúnjẹ. Ẹ̀kẹrin, ẹ má náwó kọjá agbára yín nítorí ojú ayé. Ọlọ́hun yọ̀ǹda kí a jẹ kí a mu nínú áyà kọkànlélọ́gbọ̀n Súrátul Áráfù, ó sì kọ ìná-àpà níbẹ̀ kan náà.

Ẹ̀karùn-ún ni ó sì ju gbogbo wọn lọ. Kí ẹ tó yan ibi tí ọ̀rẹ́ yín yóò ti jẹun ní ọjọ́ kan nínú ọdún, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń jẹun ní àwọn ọjọ́ yòókù. Ànábì wa ti sọ pé kì í ṣe onígbàgbọ́ òdodo ni ẹni tí ó yó, tí ebi sì ń pa aládùúgbò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa mẹ́ta ti yó fún ọdún méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akọ̀wé, orí ẹní àsàlátù kan náà ni a sì jókòó sí.

Kí Ọlọ́hun foríjì wá. Kí ó fi ìbùkún sí ọjọ́ orí Akọ̀wé, kí ó jẹ́ kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tètè dé, kí ó sì gba ààwẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó fi omi gbà àti èyí tí ó fi omijé gbà. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó súnmọ́ wa fi ebi sùn láìjẹ́ pé a mọ̀. Àmín.